Bí A Ṣe Ń Wá Oníbàárà fún Iṣẹ́ Ìtọ́jú Àgbà Nínú Ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, nínú yàrá tí mo fi ṣe ọ́fíìsì lẹ́bàá Tákìé. Iṣẹ́ wa ni pé a máa ń rán olùtọ́jú lọ bá àwọn àgbà nínú ilé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ò rí ẹni gbé e fún yín. Ẹ mú ìwé àti bírò.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wo hándíbíìlì yìí, mo sún un mọ́ kámẹ́rà kí ẹ lè kà á. Òun ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. 500 ni mo pín, láti Tákìé títí dé Ọjà Jagun. Ohun tí mo kọ gàdàgbà sókè ni "Ilé Iṣẹ́ Ìtọ́jú Arúgbó". Ẹnì kan ṣoṣo ló pè mí, bàbá kan tí inú ń bí: "Ṣé àwa ọmọ ti kú tán ni, tí ẹ fi ní ká kó ìyá wa fún yín?" Mo bẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n òun ló là mí lójú. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tó fẹ́ pè wá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì í. Ìtìjú yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ mú kúrò, kí ẹ tó dárúkọ owó.

Èyí tí mo ń lò báyìí rèé. Òkè rẹ̀ kà báyìí: "Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú Màmá. Àwa ń bá yín gbé e." Lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wa: a ń wẹ̀ fún wọn, a ń se oúnjẹ, a ń rí i pé wọ́n lo oògùn lásìkò, a ń tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù. Kò sí "arúgbó" níbẹ̀ rárá.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí dáadáa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń rìnrìn àjò tipẹ́. Àwọn bàbá wa ṣòwò dé Gánà, wọ́n ṣe é dé Jọs. Lónìí, Kánádà àti Ìlú Ọba làwọn ọmọ wà. Ilé a tóbi, yàrá a pọ̀, Màmá àti ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo ló ń gbé inú rẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ni oníbàárà yín: Màmá fúnra wọn, ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́, àti ẹni tó wà nítòsí, bóyá ìyàwó ilé tàbí àbúrò. Ẹnì kẹta yìí la máa ń gbàgbé, òun sì ni ìrẹ̀wẹ̀sì bá jù. Ó rò pé a wá gba ipò òun ni. Òun ni mo máa ń kí tẹ̀ lé Màmá, màá kúnlẹ̀, màá sì bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ló ń rẹ̀ yín jù nínú iṣẹ́ yìí?" Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ní, "Òru ni." Mo ti mọ ohun tí màá tà nìyẹn: olùtọ́jú alẹ́, kí òun náà lè sùn.

Ìkejì, ibi tí wọ́n á ti gbọ́ nípa yín. Ẹ lọ sí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ LAUTECH, ẹ lọ sí ti Bowen, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ láti 1907. Nígbà tí wọ́n bá dá ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù sílẹ̀ pé kó máa lọ sílé, ìdílé kì í mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ má yọ́ wọ wọ́ọ̀dù. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gúnjẹ lórí aláìsàn. Ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tí èmi fún wọn ni ojú ìwé kan: bí a ṣe ń yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má bàa dá sí wọn lára. Nọ́ńbà wa wà nísàlẹ̀. Ìdílé á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Rédíò ńkọ́? Ó dára. Bí owó ò bá tíì tó, ẹ ní kí wọ́n gbà yín lálejò lórí ètò ìlera. October 1, ọjọ́ òmìnira wa, náà ni UN yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìkẹta, WhatsApp. Ẹ wo ojú fóònù mi. Ìròyìn tí a fi ránṣẹ́ sí ọmọ kan ní Toronto nìyí, ó gbà wá láyè ká fi hàn yín: "Màmá jí ní aago 6. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀jẹ̀ ríru: 136/84. Wọ́n ti lo oògùn àárọ̀. Eékún ọ̀tún ń dùn wọ́n díẹ̀. Wọ́n ń bèèrè bóyá ọmọ yín kékeré ti ń rìn." Ìlà tó kẹ́yìn yẹn lọmọ náà ń kà ní àkàtúnkà. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ilé mẹ́ta ló sì ti ibẹ̀ wá. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń fi í ránṣẹ́, nítorí Toronto fi wákàtí 5 tàbí 6 wà lẹ́yìn wa, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé fọ́tò Màmá sí status. Òfin ààbò dátà ọdún 2023 ò fàyè gba kí a máa fi ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn ṣeré, àti pé ìyá ẹnì kan ni. Ẹ fi fọ́tò ibi tí ẹ ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín síbẹ̀.

Ìkẹrin, owó àti ìfọkàntán. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà lókè òkun ló ti fowó ilé ránṣẹ́ rí tí wọn ò rí ilé. Nítorí náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ẹ gba onídùúró méjì fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ìwé rẹ̀. Owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, owó oúnjẹ lọ́tọ̀, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti dán yín wò. Ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ, ẹ má pè é ní nọ́ọ̀sì, kó má sì gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́.

Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí pé ta ló júwe yín fún ẹni tó pè. Lẹ́tà tí mo kọ sí ọsibítù wà lábẹ́ fídíò yìí. Ẹ dà á kọ, ẹ yọ orúkọ mi, ẹ fi tiyín sí i.