Kóńgò Wo Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí àìríṣẹ́ṣe, iye ènìyàn àti ikú aláboyún nínú àkọsílẹ̀ ìjọba Nàìjíríà

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjòókòó, ẹ̀yin akọ̀ròyìn, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti sọ fún pé máàkì wà nínú wíwá síbí lónìí, mo kí gbogbo yín. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí: iṣẹ́, ìlera àti iye ènìyàn. Orí iṣẹ́ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù lórí rédíò.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àjọ NBS, ìyẹn àjọ tí ó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́ ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní ìparí ọdún 2020. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò sọ nǹkan kan mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì. Ìgbà tí wọn yóò tún fi la ẹnu, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, iye náà ti wálẹ̀ sí 5.3 fún ìparí ọdún 2022, ó sì tún wálẹ̀ sí 4.1 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023. Àwọn alátakò pariwo pé irọ́ funfun báláú ni. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìjọba náà sì ń fi 4.1 yangàn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gba gbogbo ènìyàn síṣẹ́. Ohun tí ó pa ìhà méjèèjì pọ̀ ni pé wọn kò ka ìwé ìbéèrè.

Bí ìyálọ́jà bá fi kóńgò kékeré wọn ìrẹsì lánàá, tí ó wá fi ńlá wọ̀n ọ́n lónìí, iye kóńgò yóò dín kù, ṣùgbọ́n ìrẹsì inú àpò kò yẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nínú ìlànà àtijọ́, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Nínú ìlànà tuntun, ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ wákàtí kan péré fún owó tàbí èrè láàárín ọjọ́ méje tí ó ṣáájú ìbéèrè ti níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti gboyè, tí ó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ POS lábẹ́ agbòòrùn ní ẹ̀gbẹ́ títì Bódìjà, fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ bá lọ wá owó ní báǹkì. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Lọ́dún 2020, ó wà lára àwọn 33.3 yẹn. Lọ́dún 2023, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Agbòòrùn kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni, kódà ó lè jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ni ó wọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Abuja ni wọ́n ti hùmọ̀ ìlànà wákàtí kan. Àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ti fọwọ́ sí i láti ọdún 1982, òun sì ni Bìrìtìkó àti Gánà ń lò. Ìlànà tuntun náà tilẹ̀ le ní ibòmíràn: àgbẹ̀ tí ó ń dáko kí ìdílé rẹ̀ lè rí jẹ, tí kì í sábà tà nínú rẹ̀, wọn kò ka oko yẹn mọ́ iṣẹ́. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn baba ńlá wa.

Àríwísí tèmi yàtọ̀. Ní ìlú tí ìjọba ti ń fún aláìríṣẹ́ lówó ìgbọ́bùkátà, ènìyàn lè jókòó ní oṣù mẹ́ta kí ó máa wá iṣẹ́ tí ó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Níbí, ẹni tí kò bá jáde lónìí, ebi ni yóò pa á lálẹ́. Tálákà wa kò ráyè ṣe aláìríṣẹ́, ìdí nìyẹn tí iye náà fi kéré. Ìwé kan náà tí ó gbé 4.1 jáde ni ó sọ pé nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ni ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn, àti pé ìdá 92.6 ni iṣẹ́ wọn kò ní ìwé àdéhùn, owó ìfẹ̀yìntì tàbí ààbò òfin tí iṣẹ́ gidi ń ní. Ìwé ìròyìn mélòó ni ó gbé 92.6 sí ojú ìwé àkọ́kọ́? Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ̀yin náà mọ ara yín.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ìlera nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, láti àárọ̀ ni ẹ ti ń pe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ta ni? Ṣé a mọ iye tí a jẹ́ ni?” Mo pa ìwé tí mo fẹ́ kà dé.

Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ni ti ọdún 2006, tí ó fún wa ní 140,431,790. Láti inú àwọn agbègbè tí wọ́n pín nígbà náà ni ìwádìí ìlera ńlá ti ọdún 2018, tí ó dé ilé tí ó lé ní 40,000, ti fi ìbò, bí ẹni ṣẹ́ gègé, yan àwọn ibi tí ó lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń tún ilé kà ní agbègbè tí ìbò bá mú, ṣùgbọ́n iye ọdún 2006 ni wọ́n fi dì ìbò náà. Ibi tí ó jẹ́ igbó nígbà náà, tí ó ti di àdúgbò lónìí, ìbò kì í tètè mú un. Wọ́n mú oṣù karùn-ún ọdún 2023 fún ìkànìyàn tuntun, ó sì ku díẹ̀ kí ọjọ́ pé ni wọ́n sún un síwájú fún ìjọba tí ń bọ̀ nígbà náà.

Àwọn kan ní àṣà ni kò jẹ́ kí á lè ka ara wa, pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. N kò gbà. Nígbà tí kíkà túmọ̀ sí owó orí, àwọn ènìyàn sá fún un. Kíkà àwọn obìnrin àti ohun ìní ní Oloko ni ó dá ogun àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìgbò sílẹ̀ lọ́dún 1929. Nígbà tí kíkà di àga ní ilé ìgbìmọ̀ àti owó àpapọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Nǹkan bí mílíọ̀nù 30 ni a jẹ́ lọ́dún 1953. Ní ọdún 1963, a ti di mílíọ̀nù 55.7. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé. Wọ́n fagi lé ti ọdún 1962, Murtala Muhammed fagi lé ti ọdún 1973. Títí di òní, iye ènìyàn ni ó ń gbé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n fi ń pín owó láàárín àwọn ìpínlẹ̀.

Lọ́dún 2006, àjọ ìkànìyàn ní Kano jẹ́ 9,401,288, Èkó sì jẹ́ 9,113,605. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó ní mílíọ̀nù 17.5. (Wọ́n pàtẹ́wọ́ níbí.) Ẹ dẹwọ́ ná! Bí a bá ní ẹni tí yóò jẹ nínú iye kan kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kà á, ìlànà náà mú Èkó gẹ́gẹ́ bí ó ti mú Kano. Lọ́dún 2013, Festus Odimegwu tí ó jẹ́ alága àjọ náà sọ pé kò sí ìkànìyàn tí ó ṣe é gbà gbọ́ láti 1816. Ọdún náà kò parí tí ó fi kúrò lórí àga.

Alága ìjókòó wa yìí ti ń wo aago, nítorí náà n ó sáré sọ ti ìlera. Ìwádìí ọdún 2018 ní 512 aláboyún àti abiyamọ ni ó ń kú nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè. Ìṣirò àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fún ọdún 2020 ní 1,047. Ti àkọ́kọ́ wá láti inú bíbi àwọn obìnrin léèrè nípa àwọn arábìnrin wọn tí wọ́n ti kú. Ti èkejì jẹ́ àfojúdíwọ̀n tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe láti inú oríṣiríṣi àkọsílẹ̀. Kò sí èyí tí ó wá láti inú kíkà òkú. Òfin ọdún 1992 sọ ìforúkọsílẹ̀ òkú di dandan, síbẹ̀ pósítà ìsìnkú ni ó kún ògiri Ìbàdàn, ìwé àkọsílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ṣófo.

Akọ̀ròyìn kan béèrè èwo ni kí òun kọ, 512 ni àbí 1,047. Mo ní kí ó kọ méjèèjì, kí ó sì kọ gbólóhùn kan nípa bí wọ́n ṣe rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọ̀gá òun yóò gé gbólóhùn yẹn. Mo ní kí ó fi í sínú àkọlé.