Bí Ewé Ugu Ṣe Ń Tan Pupa: Ẹ Gbìyànjú Ẹ̀ Nílé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ ti béèrè fídíò yìí títí, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá kí wọ́n tó mú iná.

Ewé ugu ni mo mú. Tẹ̀tẹ̀ náà á ṣe é. Ewédú? Á máa fà, ẹ ò ní rí i sẹ́. Ẹ gún un lódó, kí ẹ da sípíríìtì aláìláwọ̀ lé e, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Kì í ṣe omi o! Àwọ̀ ewé kì í yọ́ nínú omi. Èyí tí ẹ ń rí nígbà tí ẹ bá fún ugu, èérún ewé ló ń léfòó níbẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ife gíláàsì.

Ó yá, ẹ pa gílóòbù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò yẹn sí i, èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ ayédèrú owó wò. Pupa fòò! Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń pariwo níbí, títí olùkọ́ kíláàsì kejì á fi yọjú.

Kóróòfíìlì ni, àwọ̀ tútù inú ewé yẹn, ọmọ ìdílé àwọn èròjà olórùka tí wọ́n ń pè ní pọ́fírìn. Òrùka kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní pírólù ni kábọ́ọ̀nù so pọ̀ yípo bí òṣùká. Náítírójìn mẹ́rin kọjú sí ihò àárín, wọ́n di mẹ́tàlì kan mú. Nínú ewé, magnísíọ́ọ̀mù ni. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, irin. Hans Fischer ará Jámánì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1930 lórí iṣẹ́ tó ṣe lórí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Tí ewé bá wà láàyè, agbára ìmọ́lẹ̀ tó gbà ló fi ń ṣe oúnjẹ. Nínú ife yìí, kò rí ẹni gbé e fún, ló bá ń dà á jáde ní pupa.

Ẹ da fínígà díẹ̀ sí i, kí ẹ gbé ife náà sínú omi gbígbóná. Omi tí ẹ ti sọ̀ kúrò lórí iná o, sípíríìtì ń gbiná! Ẹ ní sùúrù... ẹ wò ó, ó ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kíkan ti lé magnísíọ́ọ̀mù jáde, háídírójìn ti gba ipò rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ẹ̀fọ́ yín nìyẹn tó bá pẹ́ lórí iná pẹ̀lú tòmátò. Àwọn ìyá wa tó ń fi káún sí ewédú mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: káún kì í jẹ́ kí kíkan rí ọ̀nà.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹ fi kọ́pà sọ́fẹ́ètì bíńtín sí i, èyí tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń pò mọ́ ẹfun láìmù láti fọ́n sí kòkó. Ẹ gbé e padà sínú omi gbígbóná. Àwọ̀ rẹ̀ tún tutù yọ̀yọ̀ bí ewé! Kọ́pà ti jókòó sí ihò àárín yẹn, fínígà ò lè lé e mọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì: kò sí pupa. Kọ́pà ti pa á. Ẹ má tọ́ ọ wò o, májèlé ni.

Ẹnì kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò tó kọjá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí torí àwọ̀ ewé jọ àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni omi ugu fi ń di ẹ̀jẹ̀?" Rárá o! Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Kíkan inú ikùn yín á ṣe ohun tí fínígà ṣe, ó tán; kò sẹ́ni tó ń fi irin rọ́pò níbẹ̀. Ara wa ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun òrùka tirẹ̀, látorí gíláísìnì, ègé kékeré kan lára èròjà purotéènì, kó tó fi irin sí i. Ugu wúlò torí irin àti fólétì, fítámì kan, tó wà nínú ewé náà, kì í ṣe torí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Bátìrì fóònù mi ti ń tán. Lọ́jọ́ míì, ẹyin adìyẹ eléèpo pupa la máa tan tọ́ọ̀ṣì sí. Pọ́fírìn wà lára èèpo yẹn náà. Ẹ dán an wò kí n tó dé, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sísàlẹ̀.