Balùwẹ̀ àti Kànga: Ọ̀rọ̀ Omi Nínú Ilé Wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí àwọn tí kò ráyè wá, mo tún un kọ síbí, mo sì fi ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa wá síbí, ẹ kú ìjókòó o. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè máa lo balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa lọ́nà tí kò ní ba àyíká jẹ́. Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọkàn rẹ̀ á lọ sórí ọjà: ṣáwà tuntun, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun, ọṣẹ olówó gọbọi. Díẹ̀ nínú wọn wúlò, mo sì máa dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, ibi tí omi balùwẹ̀ ti wá àti ibi tó ń lọ ni kí a kọ́kọ́ wò, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kan náà ni. Inú rẹ̀ la ti ń fa omi, inú rẹ̀ náà la tún ń da omi ìdọ̀tí sí.

Omi odò Ọbà tí wọ́n sé fún ìlú kò dé ẹnu ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ nínú wa. Kànga là ń fà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó o a sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Àpáta líle ló wà lábẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, àpáta yìí kì í sì í mu omi. Omi tí à ń rí fà, inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà mọ́lẹ̀ ló wà, tàbí inú ibi tí àpáta ti sán. Ilẹ̀ rírọ̀ yẹn dà bíi kànìnkàn: bí òjò bá rọ̀, ó mu, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí gbogbo wa ń fà á, ó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí kànga kan fi lè kún dáadáa lóṣù kẹsàn-án, kí ó sì ku ẹrẹ̀ lásán lóṣù kejì. Omi sókàwé wa náà, inú ilẹ̀ yẹn ló ń lọ.

Àwọn onímọ̀ ìlera àyíká sábà máa ń ní kí kànga àti sókàwé tàbí ṣáláńgá jìnnà síra tó mítà 30. Ẹ wá wo pulọ́ọ̀tì wa. 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 100 ní òró, ìyẹn bíi mítà 15 sí mítà 30. Bí a bá gbẹ́ kànga síwájú pátápátá, tí a sì gbẹ́ sókàwé sẹ́yìn pátápátá, agbára káká ni yóò fi pé. Ká ní ó pé, ta ló wà lẹ́yìn ọgbà wa? Aládùúgbò tó kọjú sí títì kejì, tó gbẹ́ kànga tirẹ̀ sẹ́yìn torí pé ṣọ́ọ̀bù ló kọ́ síwájú. Kànga rẹ̀ àti sókàwé tiwa lè má ju mítà 6 lọ síra wọn, kí ẹnì kankan má sì mọ̀, torí pé fẹ́ǹsì wà láàárín. Fẹ́ǹsì kì í dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró.

Ohun kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onílé, inú wọn a sì máa dùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Sókàwé tiwa kì í kún. Láti ìgbà tí a ti kọ́lé, a ò kó o rí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fura sí i. Ohun tó bá wọ ihò àkọ́kọ́ nínú sókàwé gbọ́dọ̀ rì sísàlẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn kòkòrò aláìfojúrí lè máa jẹ ẹ́. Erọ̀fọ̀ tó bá kù á máa ga díẹ̀díẹ̀, tó bá yá, a ó pe ọkọ̀ kó wá fà á. Bí kò bá wá kún rárá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ẹ jìn débi omi, tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń fa kànga nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ sókàwé yẹ kó fi mítà kan ààbọ̀, ó kéré tán, ga ju ibi tí omi máa ń ga dé nígbà òjò.

Bàbá kan dìde níbi ìjókòó, ó ní, "A máa ń se omi wa." Ẹ ṣeun bàbá, ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró. Omi híhó ń pa kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó ń di náítíréètì nínú ilẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní adùn, iná kò sì lè pa á. Bí omi bá ń hó tí ó ń fẹ́ lọ, ṣe ni náítíréètì inú èyí tó kù á tún nípọn sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń ṣe ní ibi jù, pàápàá èyí tí wọ́n ń fi omi po wàrà fún: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara bó ṣe yẹ, ètè ọmọ á sì máa dúdú. Èyí ló ń ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, bí a bá dín omi tí à ń dà sínú sókàwé kù, ilẹ̀ á ráyè ṣiṣẹ́ kí ìdọ̀tí tó dé ibi omi, omi kànga náà á sì pẹ́ kó tó tán. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣí ọmọrí táńkì tó wà lẹ́yìn àwo. Ẹ bu kọ́ọ̀bù omi sóbò kan tí kò ní ṣúgà, ẹ dà á sínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọ́lọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú àwo. A ṣe é ní ilé kan ní Arówómọlé, níbi tí ìyá onílé ti ń ráhùn pé táńkì orí ilé kì í dúró, pé àwọn ayálégbé ń fi omi ṣòfò. Kò sí ariwo omi kankan. Nígbà tí a wo inú àwo, okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀ tọ̀sán-tòru. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń dí ihò ìsàlẹ̀ táńkì ló ti le tó sì ti ká etí, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Pulọ́ńbà pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó jẹun ọ̀sán. Ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán tó! tó! náà kò kéré: èyí tó bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè kún kẹ́ẹ̀gì lítà 20 lójúmọ́. Wáṣà kékeré ló sì sábà máa ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, kí olúkúlùkù lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ìgbà 30 nìyẹn. Táńkì àtijọ́ tó ń da lítà 9 máa lo lítà 270, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 13 àti ààbọ̀. Ẹni tó ti ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà lóṣù kejì mọ iye tíyẹn jẹ́. Àwo oníbọ́tìnnì méjì, tó ń da lítà 3 fún ìtọ̀ àti lítà 6 fún ìgbẹ́, máa lo bíi lítà 108 péré, bí ìgbà kan nínú márùn-ún bá jẹ́ ti ìgbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ àwo, irú rẹ̀ ni kí ẹ rà. Bí kò bá sówó, ẹ bu omi àti iyanrìn díẹ̀ sínú ike lítà kan ààbọ̀, ẹ dé e pa, ẹ gbé e sínú táńkì níbi tí kò ti ní kọ́ bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú rẹ̀. Lítà kan ààbọ̀ lẹ ti yọ nínú ohun tí yóò máa dà nígbà kọ̀ọ̀kan. Táńkì àtijọ́ nìkan ni kí ẹ ṣe é fún o. Èyí tó jẹ́ lítà 6 tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá tún dín in kù, kò ní gbé ẹrù rẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa fọ́lọ́ọ̀ṣì.

Omi tí a fi ṣan aṣọ àti èyí tí a fi wẹ̀ dáa fún àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Inú àwo gan-an ni kí ẹ dà á sí lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára. Ẹ má dà á sínú táńkì ẹ̀yìn, torí irun àti ọṣẹ á ba rọ́bà rẹ̀ jẹ́. Kí ẹ lò ó lọ́jọ́ náà, bó bá sùn, ó máa rùn. Àwọn òbí wa kì í sì í jẹ́ kí omi ìwẹ̀ ṣòfò: ẹ rántí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ẹ̀yìn balùwẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń tutù yọ̀yọ̀ lákòókò tí gbogbo ilẹ̀ yòókù bá gbẹ. Ọgbọ́n gidi ni. Kí omi náà ṣáà rì wọlẹ̀, kó má dá ọ̀gọ̀dọ̀ fún ẹ̀fọn, kó má sì sí omi Hypo nínú rẹ̀.

Ní ti ìwẹ̀, garawa àti ike ló borí. Garawa kan tí kò kún jẹ́ bíi lítà 15. Ṣáwà tó ń da lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan máa lo lítà 80 bí èèyàn bá dúró lábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kí ẹnikẹ́ni má tijú pé garawa lòun fi ń wẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì dúdú sí oòrùn láti àárọ̀, omi rẹ̀ á lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, láìsí iná.

Òjò ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Bí òjò mílímítà kan bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, lítà kan ni. Òjò tó ń rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 1,200. Òrùlé mítà 10 níbùú àti 10 lóròó yóò gba nǹkan bíi lítà 120,000 lọ́dún. Ká tiẹ̀ yọ èyí tó ta dànù kúrò, ó ṣì pọ̀. Òjò ńlá kan ṣoṣo tó tó mílímítà 20 ti kún táńkì lítà 2,000. Àwọn ìyá wa àgbà máa ń gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, àwa sì kọ́ ilé ńlá, a jẹ́ kí omi òrùlé máa hú ojú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́ fọ eruku òrùlé dànù, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbe èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu táńkì. Fún ìwẹ̀, ìfọṣọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni o, kì í ṣe fún mímu.

Mọ́mì kan bi mí pé, "Ọmọ mi, bí a ò bá da Hypo sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé òórùn ò ní pa wá?" Mo ní, mọ́mì, ẹ kú àkíyèsí. Omi tó dúró nínú ọrùn àwo ló ń dènà òórùn. Àwo yàrá àlejò tí a kì í lò, omi ọrùn rẹ̀ á gbẹ, òórùn á sì gba ibẹ̀ gòkè. Ẹ da ike omi kan sí i, ó tán. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ lásán ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Hypo tó bá pọ̀ jù máa pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ nínú sókàwé, yóò sì yára kún. Ẹ má sì da Hypo pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ àwo, tàbí mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́: gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré.

Ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn ìbílẹ̀ dára, wọ́n máa ń jẹrà. Kànìnkàn onírọ́bà kì í jẹrà. Páàdì, páńpáàsì ọmọ àti tíṣù olómi, inú ike ìdọ̀tí ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe inú àwo.

Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ayálégbé ni mí o, mi ò lè fọwọ́ kan páìpù onílé." Òótọ́ ni. Àyẹ̀wò sóbò, ike inú táńkì, garawa àti omi ìfọṣọ kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Rọ́bà àti wáṣà ni kí ẹ lọ bá onílé sọ, kí ẹ mú un wá wo okùn pupa náà fúnra rẹ̀. Mo sì bẹ̀ ẹ̀yin onílé tó wà níjòkòó pé kí ẹ má rí i bí ẹjọ́ wẹ́wẹ́, kànga yín ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ gbígbẹ.

Kí a tó túká, a fẹnu kò pé kí akọ̀wé ra ìwé kan, kí olúkúlùkù onílé ya pulọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú rẹ̀: ibi tí kànga wà, ibi tí sókàwé wà, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí fẹ́ǹsì. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ tuntun yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé náà wò, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tẹ́ẹ̀pù ìwọ̀n gígùn kan wà lọ́dọ̀ mi, ẹni tó bá fẹ́ yá a kó wá mú un.