Rọ́bọ́ọ̀tì Kọ́ Ló Máa Ná Ọwọ́ Yín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi l'Abẹ́òkúta. Apá tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú là ń sọ lónìí, àti rọ́bọ́ọ̀tì, ìyẹn ọwọ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n fi ń ṣe físíò fún un, ìtọ́jú tó ń mú kí apá tún máa ṣiṣẹ́.

Ẹ wo àwòrán yìí. Wọ́n de apá aláìsàn mọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀. Àmì kan tàn. Kó ti ọwọ́ lọ bá a. MIT-Manus lorúkọ ẹ̀rọ yẹn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í rèé. Wọ́n á dẹ apá sílẹ̀, kí ẹ̀rọ máa gbé e lọ, kó máa gbé e bọ̀. Rárá o! Ẹ̀YIN LẸ MÁA KỌ́KỌ́ TÌ Í! Bí ọwọ́ bá kọ̀, tàbí tí agbára tán lójú ọ̀nà, ìgbà yẹn ni kí ẹ̀rọ tó ràn yín lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ tì í! Kẹ́ ẹ sì fẹ̀yìn ti àga. Bí ẹ bá ń tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn yín ló ń ṣiṣẹ́, apá ń sinmi.

Ẹ ti dúró ti àwọn aláró ní Ìtòkú rí? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an! Wọ́n á ki aṣọ bọ aró, á jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á di búlúù. Wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́. Wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́! Ẹ̀ẹ̀kan ò lè dú. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ṣe ń kọ́ ọwọ́ níná padà. Kì í sì í rẹ ẹ̀rọ: nínú ìwádìí Amẹ́ríkà kan lọ́dún 2010, lórí èèyàn 127, ọwọ́ ń lọ, ó ń bọ̀ ju ìgbà 1,000 lọ níjókòó kan.

Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí yẹn kan náà, àwọn tí oníṣẹ́ físíò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún léraléra náà jèrè tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí mìíràn ní ìlú Ọba lọ́dún 2019, lórí èèyàn 770, rọ́bọ́ọ̀tì ò ju ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má jókòó de ẹ̀rọ! Ẹ lọ bá àwọn oníṣẹ́ físíò nílé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà.

Nílé ńkọ́? Ẹ tẹ́ tówẹ̀lì sórí tábìlì, kẹ́ ẹ gbé ife síwájú, kí Ìyá tí apá rẹ̀ rọ máa fi apá náà ti tówẹ̀lì lọ bá ife. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fa apá yẹn láti gbé wọn dìde! Èjìká tó ti rọ lè yẹ̀. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti dì wọ́n mú.