Bí A Ṣe Ń Yan Kúkíìsì Kéékèèké Oníṣokoléètì àti Kajú fún Ọdún Kérésì

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Kúkíìsì la fẹ́ yan lónìí, àmọ́ kì í ṣe èyí tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wo èyí tó wà láàárín ìka mi yìí: ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa jù ú sẹ́nu. Ṣokoléètì dúdú àti kajú ló wà nínú rẹ̀. Tí àlejò ọdún bá dé, tí ẹ gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣin-ṣin, kò ní sí pé èérún ń dà sílẹ̀ tàbí sára aṣọ ọdún ọmọ.

Kí ọwọ́ wa tó kan fúláwà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kúkíìsì kékeré kò ní sùúrù. Ooru tètè ń dé àárín rẹ̀. Kúkíìsì ńlá lè fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́ jù nínú ófìnì kó ṣì ṣeé jẹ. Ní ti èyí, ìṣẹ́jú kan péré ló wà láàárín kó dùn àti kó gan bí òkúta. Ìdí nìyẹn tí a ó fi fi òṣùwọ̀n wọn gbogbo nǹkan, títí kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a fẹ́ lò rèé, ó máa fún wa ní nǹkan bí 80 ẹyọ. Bọ́tà 150 gíráàmù. Ṣúgà 130. Ẹyin ńlá kan. Fúláwà 220. Kòkó lẹ́búlẹ́bú 30. Ṣokoléètì dúdú 120, kajú 120. Béékìn sódà ìdajì ṣíbí tíì, iyọ̀ bíńtín, fànílà ṣíbí tíì kan. Tí bọ́tà yín bá ti ní iyọ̀, ẹ má fi iyọ̀ kankan sí i mọ́.

Mo mọ̀ pé kọ́ọ̀pù àti agolo mílíìkì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wọn nǹkan. Fún oúnjẹ mìíràn, kò burú. Fún èyí, ẹ wá òṣùwọ̀n. Kọ́ọ̀pù kan náà, tí ẹ bá rọra bu fúláwà sí i, ó lè jẹ́ 120 gíráàmù, tí ẹ bá sì kì í mọ́lẹ̀, ó lè di 150. Ní kọ́ọ̀pù méjì, 60 gíráàmù ti wọlé láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, kúkíìsì yín á gbẹ, ẹ ó wá máa dá ófìnì lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí bọ́tà. Èyí tí à ń pè ní bọ́tà lọ́jà, màjaríìnì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, màjaríìnì náà sì ṣeé lò. Ohun tí ẹ máa wò ni ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀: ọ̀rá inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí wọ́n ṣe fún fífi pa búrẹ́dì, omi máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, òun ló sì máa ń jẹ́ kí kúkíìsì ràn kálẹ̀ pẹlẹbẹ, kí ọ̀kan sì lẹ̀ mọ́ èkejì.

Kòkó lẹ́búlẹ́bú tí mo ń wí, ògidì kòkó ni, èyí tó korò tí ẹ bá fi ahọ́n kàn án. Èyí tí à ń pò mu láàárọ̀ kò lè ṣiṣẹ́ níbí, ṣúgà àti mílíìkì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kòkó gidi tí wọn kò tíì fi nǹkan pa kíkan inú rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, kíkan yẹn sì ni béékìn sódà ń bá ṣiṣẹ́ tí kúkíìsì fi ń wú díẹ̀. Tí ẹ bá rí alkalized lára tiyín, ìyẹn ni pé wọ́n ti pa kíkan inú rẹ̀, tó sì dúdú ju èyí lọ, ẹ fi béékìn páúdà ṣíbí tíì kan rọ́pò sódà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káún rọ́pò rẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó lè mọ bí agbára káún kan ṣe pọ̀ tó sí òmíràn, adùn rẹ̀ á sì bo ti ṣokoléètì mọ́lẹ̀.

Ó kan ṣokoléètì. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ọ̀rá kòkó, ìyẹn cocoa butter, bá wà nínú rẹ̀, á yọ́ lórí ahọ́n. Tó bá jẹ́ òróró èkùrọ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó ṣeé lò, àmọ́ ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu bí àbẹ́là. Ẹ wo èyí tó wà níwájú mi, funfun ti yọ lójú rẹ̀. Kò bu rárá. Ooru ló mú kí ọ̀rá inú rẹ̀ yọ́, ó wá dì padà sójú. Ẹ lò ó láìbẹ̀rù. Ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ fi gé e, wẹ́wẹ́, kí ìkọ̀ọ̀kan má ju mìlímítà 5 lọ. Kúkíìsì tó jẹ́ gíráàmù 10 kò lè gba ẹ̀là ṣokoléètì ńlá: á là sí méjì nígbà tí ẹ bá ń yí i lọ́wọ́. Ẹ̀kù tó bá ṣẹ́ kù sórí pátákó, ẹ gbá a mọ́ ọn, ó máa ń fi kún dúdú àwọ̀ rẹ̀.

Kajú tí wọ́n ti bó ni kẹ́ ẹ rà. Ó wà lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má gbìyànjú láti yan èyí tó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀ nílé, epo inú èèpo yẹn máa ń bó ni lára, èéfín rẹ̀ náà ò dáa fún ojú. Ẹ tẹ́ kajú sórí tíréè, ẹ yan án ní dígírì 160 (ti Celsius) fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí òórùn rẹ̀ bá ta sí yín nímú, tí àwọ̀ rẹ̀ bá sì pọ́n díẹ̀ bí oyin. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ tó gé e. Kajú gbígbóná máa ń yọ́ bọ́tà nínú àpòpọ̀. Ẹ gé e kó tó ìdajì hóró ẹ̀wà, kẹ́ ẹ sì fi asẹ́ gbọn lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ kúrò.

Tí ẹ̀pà lẹ bá fẹ́ lò dípò kajú, ìwọ̀n kan náà ni. Ẹ dín in, ẹ họ èèpo pupa rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣà á dáadáa. Hóró tó ti sunkì, tó dúdú tàbí tó bu, ẹ dà á nù. Májèlé tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó bu, iná kì í lé e tán. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣọ́ owó hóró ẹ̀pà níbi tí ìlera ọmọ wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pò ó. Ẹ sún mọ́ ibí, kẹ́ ẹ wo bọ́tà yìí. Mo tẹ ìka mọ́ ọn: ìka wọlé, ojú ibi tó wọ̀ dúró, síbẹ̀ ìka mi ò dán. Ibi tí a fẹ́ nìyẹn. Tí ìka bá ń dán, ó ti rọ̀ jù, ẹ dá a padà sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 10. Ní ọ̀sán Èkó, kì í pẹ́ rárá tó fi ń kọjá ibẹ̀, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù ló dáa láti pò ó. Ẹ lọ ṣúgà nínú bléńdà díẹ̀ kó kúná. Hóró ṣúgà wa máa ń tóbi, kò ní ráyè yọ́ tán nínú ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí kúkíìsì máa lò nínú ófìnì.

Bọ́tà àti ṣúgà, ìṣẹ́jú méjì nínú míkísà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó ti kéèkì. Atẹ́gùn tó bá pọ̀ nínú rẹ̀ á mú kó wú, á tún wó lulẹ̀, á sì ràn. Ẹ fi ẹyin àti fànílà sí i. Kí ẹyin má tutù o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́tà á dì sí wóńwó. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi ṣíbí fúláwà kan sí i, á bára mu padà.

Ẹ sẹ́ fúláwà, kòkó, sódà àti iyọ̀ pọ̀. Kòkó máa ń ṣù, ẹ má fo sísẹ́ rẹ̀. Ẹ dà á sínú bọ́tà, kí míkísà máa yí jẹ́jẹ́. Ẹ ń wò ó? Funfun ṣì wà níbí... ó ku díẹ̀... ó tán. Ẹ pa á. Tí ẹ bá tún ń yí i, fúláwà á fà, kúkíìsì á sì yi lẹ́nu. Orógùn ni kẹ́ ẹ fi ro ṣokoléètì àti kajú mọ́ ọn.

Ẹ bò ó, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 45. Tí kò bá sí iná, ẹ gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín, àmọ́ kí omi má kàn án.

Nígbà tó bá ti le díẹ̀, ẹ gbé òṣùwọ̀n wá. Gíráàmù 10 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn mẹ́wàá àkọ́kọ́, ojú yín á ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 7, tí èkejì jẹ́ 13, kí èyí tó tóbi tó jinná, èyí tó kéré á ti jóná. Ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ kó rí róbótó, kó fi díẹ̀ ju ọmọ ayò lọ. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi omi tútù fọ ọwọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi fúláwà pa ọwọ́, á hàn funfun lára rẹ̀. Ẹ tò ó sórí bébà ìyankéèkì, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 3 wà láàárín, kẹ́ ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ díẹ̀.

Ófìnì ti ń gbóná láti ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn, ó wà ní dígírì 170. Nọ́ńbà tó wà lára ófìnì gáàsì kì í sábà sọ òótọ́, ẹ ra tẹmómítà kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni iná rẹ̀ ti ń wá, torí náà pẹpẹ tó wà lókè àárín ni kẹ́ ẹ lò. Tí ìdí rẹ̀ bá ṣì ń jó, ẹ fi tíréè méjì lé ara wọn.

Ẹ kọ́kọ́ yan ẹyọ mẹ́ta péré. Mẹ́ta yẹn ló máa sọ fún yín bí 77 yòókù ṣe máa rí. Tó bá ràn pẹlẹbẹ, bọ́tà ti rọ̀ jù tàbí fúláwà kò tó: ẹ po fúláwà gíráàmù 10 mọ́ àpòpọ̀ tó kù, kẹ́ ẹ dá a padà sínú fíríìjì. Tó bá jókòó gbọn-in bí òkúta láìràn rárá, fúláwà ló pọ̀: ẹ tẹ àwọn tó kù pẹlẹbẹ díẹ̀ sí i.

Àwọ̀ kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí dúdú ló ti wà tẹ́lẹ̀. Dídán ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ jẹ́ kí n sún iná mọ́ gíláàsì ófìnì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà: gbogbo ojú rẹ̀ ń dán. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ: etí rẹ̀ ti kú, àárín nìkan ló ń dán, ó sì ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án: dídán ti lọ. Ẹ fi ìka kan etí rẹ̀, kò wọlé. Àárín rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ gbé e jáde báyìí. Ẹ ó rò pé kò tíì jinná. Ooru tíréè ló máa parí rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tíréè fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà yẹn ló tó lè gbéra láìfọ́. Tíréè gbọ́dọ̀ tutù kẹ́ ẹ tó to òmíràn sórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí kò ní ófìnì, ìkòkò tó nípọn ṣe é. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí i tó sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ gbé irin tàbí òkúta pẹlẹbẹ lé e, ẹ dé e, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbóná lórí iná díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ gbé páànù tó ní ẹyọ 12 sí i, kẹ́ ẹ dé e pinpin. Ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 12 sí 15. Ẹ má ṣí i kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, gbogbo ooru á jáde. Ẹ má lo ìkòkò tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, irú ooru gbígbẹ bẹ́ẹ̀ á ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó kó o sínú ike. Tó bá wọlé nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, èéfín omi ara rẹ̀ á mú kó rọ̀. Ike tó dé pinpin ni o, pàápàá fún àwọn ará Èkó, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ níbẹ̀ ń wọ inú ohun gbígbẹ. Lókè lọ́hùn-ún tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, kì í tètè rọ̀. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bàjẹ́. Tó bá rọ̀, ẹ dá a padà sínú ófìnì ní 150 fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tí ẹ bá sì fẹ́ tètè gbaradì, ẹ yí i róbótó ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá, ẹ kó o sínú fírísà, kẹ́ ẹ yan án láìjẹ́ kó yọ́, kẹ́ ẹ kàn fi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kún àkókò rẹ̀.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ fi ta ará àdúgbò lọ́rẹ, ẹ fi bíírò kọ ọ́ sára ike gbàgàdà pé kajú, ẹyin, mílíìkì (èyí tó wà nínú bọ́tà) àti fúláwà wà nínú rẹ̀. Tí ẹ̀pà lẹ lò, ẹ kọ ẹ̀pà. Àwọn kan wà tí ara wọn kì í gbà á, ẹyọ kan ṣoṣo sì lè gbé wọn dé ọsibítù lọ́jọ́ ọdún.