Ẹ̀rọ Ló Ń Lùlù Nínú Streetcleaner

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ẹ̀rọ ìlù tó wà nínú Streetcleaner, àwo orin tí Godflesh, ẹgbẹ́ olórin metal ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Earache lọ́dún 1989, kò dípò onílù kankan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n ń kọ lórin.

Àwọn kan ń wí kiri pé àìrí onílù ló sún wọn dé ìdí ẹ̀rọ. Irọ́ gbuu ni! Onílù ni Justin Broadrick, akọrin àti onígìtá Godflesh, fúnra rẹ̀. Òun ló ń lùlù nígbà kan fún ẹgbẹ́ olórin Head of David. Kó tó débẹ̀, ó ti ta gìtá sí abala kìíní Scum, àwo orin ẹgbẹ́ Napalm Death tó ń sáré bí ìjì, níbi tí orin kan wà tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá 2. Ẹni tó ti sáré tó báyẹn, tó tún mọ ìlù í lù, ló mọ̀ọ́mọ̀ yan ẹ̀rọ, tó sì ní kó máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ ká sọ?

Ọmọ Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Broadrick. Ẹ ṣáà mọ ìtàn Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath, tí ẹ̀rọ gé lórí ìka ní fákítọ̀rì nílùú yẹn kan náà, n ò ní tún un pa. Ó dẹ okùn gìtá kó lè rí i tẹ̀, ohùn gìtá sì wúwo sí i. Ẹ̀rọ ṣe Iommi léṣe, ó padà sídìí orin. Broadrick ní tirẹ̀ gbé ẹ̀rọ wọ inú orin, ó fi í sípò ọ̀gá. Ẹ gbọ́ “Like Rats”, orin kan nínú Streetcleaner, dáadáa. Ọwọ́ èèyàn máa ń rẹ̀. Bí onílù ṣe lù ú lẹ́ẹ̀kíní kọ́ ló máa lù ú lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ti ẹ̀rọ yìí kò yẹ̀. Gìtá béèsì G. C. Green, ẹnìkejì Broadrick nínú Godflesh, ń lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, gìtá ń han gooro lókè.

Ibí ni arábìnrin kan ti nàka sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́dọ̀ tiwa, ìyáàlù máa ń gbọ́ akọrin, ó ń dá a lóhùn. Ìlù tí kò gbọ́ ohun tí akọrin ń wí, ṣé ìlù náà ni?”

Ìbéèrè yìí ju gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ. Ẹ wo agbo dùndún: omele ń tẹnu mọ́ ohun kan náà, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Godflesh mú ìyáàlù kúrò, ó ku omele nìkan. Ìdí nìyẹn tí Broadrick fi ń ké ramúramù: ohun tó ń bá wí kò létí.

Wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé àkókò ti lọ. Ní ṣókí: Paradise Lost ní Halifax àti My Dying Bride ní Bradford, àwọn ẹgbẹ́ death-doom (metal wíwúwo tó ń lọ díẹ̀díẹ̀), fa ẹsẹ̀ bíi ti Godflesh, àmọ́ èèyàn ló ń lùlù fún wọn. Ọ̀fọ̀ ni tiwọn, fayolíìnì My Dying Bride sì ń bá wọn sunkún. Ẹsẹ̀ fífà ti Godflesh, iṣẹ́ ni. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pa méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ẹni tó máa di ọ̀pá ìlù mú, èyí tí púpọ̀ nínú wọn kò ṣe.

Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbọ́ Streetcleaner, kí Gothic, àwo orin Paradise Lost ti 1991, tẹ̀ lé e. Ìlù nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí lákọ̀ọ́kọ́.