Nígbà tí Akéwì Ṣí Àpótí Ìjọba

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lórí ìdúró nítorí pé àga kò tó, ẹ kú ìdúró. Wákàtí kan ni wọ́n fún mi, ìtàn mẹ́ta láti Amẹ́ríkà ni mo sì gbé wá. Àwọn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí ti mọ ibi tí mo ń lọ. Mo ní ìjọba a máa kọ ìyà ọmọ ènìyàn sílẹ̀, á kọ ọ́ dáadáa, á lu òǹtẹ̀ sí i, á sì tì í mọ́ àpótí. Akéwì ló ń ṣí àpótí náà. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, n ó sì tún un sọ lónìí.

Ní 1930, nítòsí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Gauley Bridge, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò la inú òkè kọjá. Ihò náà gùn tó nǹkan bíi máìlì mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ kí omi odò gba ibẹ̀ lọ máa yí ẹ̀rọ iná mànàmáná, tí ilé-iṣẹ́ Union Carbide yóò lò. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, ebi sì ń lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù. Wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ wà, wọ́n wọ́ wá. Nínú nǹkan bí 3,000 ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ nínú ihò yẹn, àwọn ló pọ̀ jù.

Òkúta òkè náà kún fún sílíkà, èyí tó wà nínú iyanrìn tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Bí ènìyàn bá ń da omi sí i bó ṣe ń lu ú, eruku rẹ̀ kò ní gbéra. Ṣùgbọ́n lílu gbígbẹ ló yá jù, wọ́n sì lù ú ní gbígbẹ. Wọn ò fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbòmú. Eruku yẹn kì í yọ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ńṣe ló ń sọ ọ́ di líle díẹ̀díẹ̀ títí èémí kò fi ní rí àyè wọlé mọ́. Àrùn tó sábà máa ń gba ogún ọdún kó tó pa ènìyàn ń pa ọ̀dọ́kùnrin láàárín ọdún kan sí méjì. Àwọn dókítà kan ní òtútù àyà ni.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ gbà pé 109 ló kú. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní 476. Oníṣègùn kan, Martin Cherniack, tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1986, ṣírò rẹ̀ dé 764. Òkú kan náà ni gbogbo wọn ń kà o.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1936, ìgbìmọ̀ kékeré kan nílé aṣòfin ní Washington pe àwọn ẹlẹ́rìí. Wọ́n sọ̀rọ̀, akọ̀wé ń kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ náà dábàá ìwádìí ńlá, ìwádìí ńlá náà kò wáyé. Àpótí ti fẹ́ padé nìyẹn. Ọmọbìnrin ẹni ọdún méjìlélógún kan, Muriel Rukeyser, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ya fọ́tò, wọ ọkọ̀, wọ́n lọ síbẹ̀. Ó ka ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ, ó fi í ṣe ewì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938.

Ìyá kan wà nínú rẹ̀, ìyá àwọn Jones. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bá ihò yẹn lọ: Cecil, Owen àti Shirley, èyí àbígbẹ̀yìn. (Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, ọkùnrin ni.) Ìyá yìí dúró lójú títì, ó ń tọrọ owó tí wọn yóò fi ya fọ́tò àyà ọmọ rẹ̀. Shirley ló sọ fún un pé bí òun bá kú, kí wọ́n la òun wò bóyá eruku yẹn ló pa òun, kí ìyá òun lè rí owó gbà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni, akọ̀wé ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí akéwì tó dé. Àkọlé tí Rukeyser fún ewì náà ni Ábúsálómù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Bíbélì mọ ẹkún Dáfídì lórí ọmọ rẹ̀ yẹn. Nínú ewì mìíràn, ó gbé iye tí ìpín ìdókòwò Union Carbide jẹ́ lọ́jà sáàárín ẹsẹ ewì, kò ṣàlàyé, ó kọjá lọ. Mo ti ń kọ́ni ní ewì yẹn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, mo máa ń dákẹ́ bí mo bá dé ibẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé èyí kì í ṣe ewì, pé ẹni tó da ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kọ, iṣẹ́ akọ̀ròyìn ló ń ṣe. Wọ́n ti sọ ọ́ sí mi lójú nínú yàrá yìí. Kí wọ́n lọ tẹ́tí sí ẹsẹ Ifá. Ṣé Ifá kì í sọ ẹni tí wọ́n dífá fún ni? Ṣé kì í sọ ìlú tó ń lọ, ohun tó ń sunkún rẹ̀, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, àti bóyá ó rú u tàbí kò rú u? Ẹ̀rí ni látòkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kì í ṣe ewì.

Alága ti ń fi aago hàn mí. N ó yára.

Ìtàn kejì nìyí. Ní 1882, Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà má wọlé mọ́. Ní 1883, Emma Lazarus kọ ewì tó ń pe àwọn tálákà ayé wá sí èbúté New York, èyí tí wọ́n gbé sínú ilé ìsàlẹ̀ ère Òmìnira ní 1903. Ẹ lọ sí èbúté kejì, ní San Francisco. Ní erékùṣù Angel Island, láti 1910 sí 1940, wọ́n ń ti àwọn ará Ṣáínà mọ́lé, wọ́n ń bi wọ́n léèrè iye àtẹ̀gùn tó wà nílé bàbá wọn. Àwọn tí wọ́n tì mọ́lé gbẹ́ ewì sára ògiri onípákó. Àwọn aláṣẹ kun ọ̀dà lé e. Ní 1970, nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé náà, ẹ̀ṣọ́ ọgbà kan tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri, ó sì rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ti ka ewì tó lé ní 200 níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo dé tí arábìnrin kan lẹ́yìn fi nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Òyìnbó ni ìyá àwọn Jones yẹn. Ẹ sì sọ pé dúdú ló pọ̀ jù nínú ihò náà. Ta ló dárúkọ àwọn yẹn?"

Mo ká ìwé mi. Mo dá a lóhùn pé Rukeyser fún ọkùnrin dúdú kan, George Robinson, ní ewì tirẹ̀. Ó sọ níbẹ̀ pé bí àwọn bá jáde láàárọ̀, eruku ti fi gbogbo wọn funfun débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ dúdú yàtọ̀ sí òyìnbó. Arábìnrin náà ní ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Òótọ́ ló sọ. Itẹ́ òkú àwọn òyìnbó agbègbè yẹn kò gba dúdú. Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń gbẹ́ ihò náà san dọ́là 55 lórí òkú kọ̀ọ̀kan fún asìnkú kan, ó sì sin wọ́n sóko ìyá rẹ̀ ní Summersville. Ní 1972, wọ́n ń mú títì gbòòrò, wọ́n hú òkú wọn, wọ́n kó wọn lọ síbòmíràn. Ó di 2012 kí wọ́n tó ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìrántí wọn.

Bàbá ọdẹ kan tó jókòó níwájú ní bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sun ìrèmọ̀jé, wọn yóò pe orúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀, ìlú rẹ̀. Ó wá bi mí pé: àwọn yìí ńkọ́, ta ló mọ ìlú wọn?

Ìtàn mi kẹta, ti ọkùnrin 38 láti ẹ̀yà Dakota, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n yẹgi fún ní Mankato, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní 26 oṣù Kejìlá 1862, kò ráyè mọ́. Mo ní kí arábìnrin náà bọ́ síwájú, mo gbé ìwé fún un, ó ka ọ̀rọ̀ George Robinson tán láìsáré. Alága ò wo aago mọ́.